Ọ̀bẹ Tí Láníhùn Fi Gé Iṣu Tuntun

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá gbọ́ ohun ẹ̀rín! Ọdún tí Láníhùn di olórí ẹbí, ó ní òun gbọ́dọ̀ ra ọ̀bẹ àpò, irú èyí tó ń ká sínú èkù rẹ̀, tí yóò máa bá òun rìn lójoojúmọ́. Ọ̀bẹ olórí ẹbí ni wọ́n fi ń gé iṣu tuntun nílé wọn. Wọn kì í yá ti ẹlòmíràn.

Lọ́jà, ó ń fi ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan fá irun apá rẹ̀ wò. Èyí tó mú jù ló rà. Kò tilẹ̀ wo èkù rẹ̀. Ó délé, ó ń yangàn: "Ọ̀bẹ tèmi ò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni!"

Ọjọ́ iṣu tuntun pé, ẹbí kún àgbàlá. Láníhùn tẹ ọ̀bẹ mọ́ iṣu sísun, èkù bá là sí méjì! Bẹ́ẹ̀, bí kò bá gé e, kò sẹ́ni tó lè jẹun.

Ni Ayọ̀ká ìyàwó rẹ̀ bá gbé igi àti ọ̀bẹ ìdáná rẹ̀ jáde.

"Baálé mi, ṣé ọ̀bẹ yín tó mú tó báyìí ò lè gbẹ́ èkù tuntun fún ara rẹ̀ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láníhùn náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, aya mi, bá mi gbẹ́ ẹ."

Ayọ̀ká gbẹ́ ẹ, ó fi wáyà dè é mọ́ irin ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ pinpin. Láníhùn gé iṣu, ó sì fi ègé àkọ́kọ́, tó jẹ́ ẹ̀tọ́ olórí ẹbí, sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Ó ké sí gbogbo wọn: "Ẹ gbọ́ o! Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀!"