Irinwó Iṣu Tí Kò Dé Ibodè

Ọkùnrin kan ti wà rí, àgbẹ̀ ni, ìlú rẹ̀ sì wà láàárín ọ̀dàn, níbi tí koríko ti ga ju ènìyàn lọ. Baba Oyèwùmí ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tí ó mọ iṣu kà tó o ní gbogbo ìlú náà. Bí ó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ a ti ka ohun tí ó wà níbẹ̀ tán kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọjá. Kì í ṣe olójúkòkòrò. Ohun tí ó wulẹ̀ máa ń dùn mọ́ ọn ni kí iye kan bá iye kejì mu.

Ọ̀tá kan ṣoṣo ni ìlú náà ní, iná ni. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá tí koríko sì gbẹ, àwọn ọdẹ a tiná bọ ìgbẹ́, ọyẹ́ a sì máa lé iná náà káàkiri ọ̀dàn. Nítorí èyí ni àwọn baba ńlá wọn ṣe máa ń ṣán ilẹ̀ yí ìlú ká, tí wọn a ro ó títí ilẹ̀ pupa yóò fi hàn. Ààlà iná ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni ìbú rẹ̀. Wọ́n ti fojú rí i pé nígbà tí ọyẹ́ bá le jù lọ, iná lè fo ogún ìṣísẹ̀. Wọ́n wá fi mẹ́wàá lé ogún, nítorí ohun tí ojú kò tíì rí.

Iṣẹ́ ọgọ́ta ọkùnrin ni, fún ogún ọjọ́. Àwọn aṣánko wọ̀nyí kì í gba owó. Oúnjẹ ni ìlú ń fún wọn, iṣu kan fún ẹnì kan lójúmọ́, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ̀fà iṣu. Láti rí ẹgbẹ̀fà yìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kó iṣu bọ̀ láti oko gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ ní ibodè. Ẹgbàá mẹ́fà iṣu ni ìlú ń kórè lọ́dún, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ̀fà gẹ́lẹ́.

Ogún ọdún ti kọjá tí iná kankan kò wọ ìlú. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn iná ìkẹyìn ti ń gbéyàwó. Iṣu tí ó ń lọ ni wọ́n ń rí. Iná tí kò wá, ta ni yóò rí i?

Ní ọdún kan, Baba Oyèwùmí dìde ní ìpàdé ìlú.

Ó ní, "Kí Baálẹ̀ pẹ́ fún wa. Iṣu tí à ń fi sílẹ̀ ní ibodè yìí, èbù ni ìbá jẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó di ọ̀kan nínú ogún, àwa àgbẹ̀ yóò rí èbù gbìn sí i, oko yóò fẹ̀, ìkórè yóò sì di ìlọ́po méjì. Ọ̀kan nínú ogún nínú ẹgbàá méjìlá, ẹgbẹ̀fà náà ni. Àwọn aṣánko yóò yó, àwa náà yóò yó."

Ariwo ayọ̀ sọ. Olórí àwọn aṣánko, arúgbó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ lékelèké, dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

Ó béèrè pé, "Bí kò bá di ìlọ́po méjì ńkọ́?"

"Ẹ fún mi ní ọdún mẹ́ta, bàbá. Bí ohun tí ó bá dé ibodè ní ọdún kẹta kò bá pé ẹgbẹ̀fà, inú àká tèmi ni n ó ti mú ìyókù."

"Ṣé gbogbo yín gbọ́ ọ o?"

Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Etí wa kò di, bàbá. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa ro ti iṣu tí ẹ ó jẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi àṣẹ sí i. Láti ìgbà tí ó ti jẹ oyè, wọn kò yìn ín rí bí wọ́n ṣe yìn ín lọ́jọ́ náà.

Ní ìkórè àkọ́kọ́, opó kan wá kí Baba Oyèwùmí. Ẹní ni ó ń hun, Ìyá Ẹlẹ́ní ni wọ́n sì ń pè é. Ilé rẹ̀ ni ó kángun sí ààlà iná ní ìhà ìlà oòrùn. Oko rẹ̀ kò ju ohun tí ogójì iṣu lè ti jáde lọ. Tẹ́lẹ̀, mẹ́rin ni ó ń fi sílẹ̀ ní ibodè. Ní báyìí, méjì ni. Ó gbé ọ̀kan nínú méjì tí ó ṣẹ́kù wá.

"Ẹ gbà á o, Baba Oyèwùmí. Iṣu tí ẹ fún mi ni."

"Èmi kọ́ ni mo fún yín, ìyá. Tiyín ni tẹ́lẹ̀."

"Ẹ ṣáà gbà á. Bí ẹ kò bá gbà á, n ó sọ fún aráyé pé ìyàwó yín kò mọ iyán gún."

Ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀rín gba iṣu náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọkàn Baba Oyèwùmí balẹ̀ pé òun ṣe rere, rere ni ó sì ṣe, ní ìwọ̀n ibi tí ojú rẹ̀ dé.

Oko fẹ̀ lóòótọ́. Ìkórè kúrò ní ẹgbàá mẹ́fà, ó di ẹgbàá mẹ́fà àtààbọ̀, ó di méje. Àwọn tí ilẹ̀ wọn pọ̀ ni wọ́n rí èrè náà jù. Ìyá Ẹlẹ́ní ń jèrè iṣu méjì lọ́dún. Baba Oyèwùmí, tí ó ń kórè ẹgbàá kan, ń jèrè ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí iṣu rẹ̀ pọ̀ sí i sì nílò ibi tí yóò kó o sí. Ààlà iná wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ti ro, tí kò ní gbòǹgbò, tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Baba Oyèwùmí kọ́ àká titun sí etí rẹ̀, ó fi koríko bò ó. Aládùúgbò rẹ̀ kọ́ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí òwọ́ àká fi gba ìṣísẹ̀ mẹ́jọ nínú ààlà, láti ìhà inú.

Láti ìhà òde, àwọn aṣánko kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí pé iṣu tí yóò bọ́ wọn dín. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kò le ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Iná dé etí ààlà, ó kú síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ní, "Ẹ ò rí i? Ìdajì náà tó." Oríire ni, wọ́n sì pè é ní ẹ̀rí.

Ọdún kẹta pé. Ìkórè jẹ́ ẹgbàá mẹ́jọ, irú rẹ̀ kò sí rí ní ìlú náà. Ọ̀kan nínú ogún rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rin. Olórí àwọn aṣánko wá sí ilé Baba Oyèwùmí, kò sì jókòó.

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ̀rin ni."

"Mo mọ̀, bàbá."

"Ó ku irinwó."

"Mo mọ ìyẹn náà."

"Ogún ọkùnrin ni irinwó yẹn máa bọ́. Láìsí wọn, ogún ìṣísẹ̀ ni apá wa ká."

"Ogún ṣáà ni iná lè fò."

"Iná kì í dúró ka ìṣísẹ̀."

Baba Oyèwùmí fa àpótí kan fún arúgbó náà, ṣùgbọ́n kò jókòó síbẹ̀síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi yé, bàbá. Irinwó tí ẹ bá jẹ, ó tán nìyẹn. Irinwó tí mo bá gé ní èbù tí mo sì gbìn, ó di ẹgbẹ̀rún kí ó tó di àmọ́dún. Ọdún kan péré ni mo tọrọ. N ó san án, n ó sì fi èlé lé e."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, á wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́."

"N kò purọ́! Ṣé oko kò fẹ̀ ni?"

"Ó fẹ̀. Ìlọ́po méjì ni o ní, ìlọ́po kan lé díẹ̀ ni a rí. N kò bá ọ jà lórí ohun tí ó wọlé. Èyí tí o ní wàá kún un ni mo wá gbà."

Kò rí i gbà. Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Baálẹ̀ ní kí ó má fi ọ̀rọ̀ ba ọdún dáadáa jẹ́.

Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ju Baba Oyèwùmí lọ pé òun jẹ ìlú ní gbèsè irinwó iṣu. Ó sì mọ̀ pé àká gba ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, nítorí òun ni ó wọn ìpìlẹ̀ fún àwọn tí wọ́n kọ́ wọn. Iye méjèèjì wà lọ́kàn rẹ̀. Kò pa wọ́n pọ̀ rí.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Ẹlẹ́ní jókòó sí ẹ̀yìn ilé, ó ń hun ẹní. Bí oko bá jó, màjàlà kì í ṣàìṣòfófó: ó bọ́ sórí ẹní náà, dúdú, fúyẹ́. Ìyá náà gbọ̀n ọ́n kúrò. Òmíràn bọ́. Nígbà tí yóò fi gbé orí sókè, iná ti dé etí ààlà.

Iná kò dúró. Ó fo ilẹ̀ pupa náà bí ìgbà tí ènìyàn ń fo ojú àgbàrá, ó sì bọ́ sórí àká Baba Oyèwùmí. Láti ibẹ̀, ó ń ti orí àká bọ́ sí orí àká, títí ó fi rí òrùlé ilé, ti Ìyá Ẹlẹ́ní ni àkọ́kọ́. Èrè ọdún mẹ́ta ni ó tò fún un bí àkàbà. Kí oòrùn tó wọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìlú ti di eérú. Ènìyàn mẹ́sàn-án kú. Wọ́n fa Ìyá Ẹlẹ́ní jáde láàyè, ṣùgbọ́n ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bọ inú iná nítorí àwọn ẹní rẹ̀, àwọn ọwọ́ náà kò sì hun nǹkan mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Baba Oyèwùmí lọ sí ibi tí àká rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ogún tí wọ́n ṣán, mẹ́jọ kúrò níbẹ̀: méjìlá. Bí kò bá sí àká, ogún ni ìbá jẹ́. Bí òun bá san irinwó, ọgbọ̀n ni, mẹ́jọ kúrò níbẹ̀: méjìlélógún. Iná ìbá kú ní ìṣísẹ̀ méjì sí ògiri àká. Ó tún un wọ̀n. Ó wá àṣìṣe nínú ìṣirò náà títí, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀ tí ó gbàdúrà pé kí iye kan má bá iye kejì mu. Wọ́n bá ara wọn mu.

Ó gba Ìyá Ẹlẹ́ní sí yàrá tí ó ṣẹ́kù fún un. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá náà pè é.

"Baba Oyèwùmí, iṣu mélòó ni mo jèrè ní ọdún mẹ́ta yẹn?"

"Mẹ́fà, ìyá."

"Mẹ́fà." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Iṣu mẹ́fà, ọwọ́ méjì. Ẹ̀yin kúkú lẹ mọ ìṣirò."

 

Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí iṣu ibodè padà di ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Kò sí ẹni tí ó jiyàn. Ṣùgbọ́n èbù ti jóná, ìkórè tí ó tẹ̀ lé e kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọkùnrin márùndínlọ́gbọ̀n ni ó lè bọ́. Òfin padà síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ààlà kò bá a padà. Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àwọn tí wọ́n ní ìbátan ní ìlú mìíràn ti ń di ẹrù.

Nítorí náà, ìwọ tí o ń gbọ́ àkàwé yìí, má ṣe mú un lọ sílé pé owó orí kì í wúwo. Ó ń wúwo. Ẹni tí ó ní kí ìjọba gé e kì í ṣe ọ̀tá ìlú, oko sì lè fẹ̀ lóòótọ́ bí wọ́n bá gé e. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ ní iye, dandan sì ni kí o béèrè iye náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe ìlérí rẹ̀ fún ọ. Èrè a máa tètè dé, a sì máa wọ àká olúkúlùkù, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè kà á. Àdánù a máa pẹ́ kí ó tó dé, ibi tí kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ ni ó sì ń gbà wọlé. Ilé ẹni tí ó jèrè díẹ̀ jù ni ó máa ń kọ́kọ́ yà. Má sì ṣe rò pé bí wọ́n bá dá ohun kan sí méjì, ìdajì àǹfààní rẹ̀ ni yóò kù. Ìdajì okùn kì í fa ìdajì omi jáde nínú kànga.

Bí o bá ti dìde láàárín àwọn ènìyàn rí, tí o ní bí ọ̀rọ̀ kò bá rí bí o ṣe wí, inú àká tìrẹ ni kí wọ́n ti mú ìyókù, lọ san án lónìí, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́. Lẹ́yìn iná, wàá nawọ́ gbèsè náà sí wọn. Kò ní sí ẹni tí yóò gbà á.