Ìyálé Tí Ọkọ Kò Fẹ́

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ ò jẹun ni? Ààlọ́ o.

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àyìnlá, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára àbúrò rẹ. Bí mo bá tún sọ ọ́, mo wọlé lọ nìyẹn. Àlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, ó fo ilé ọba, ó fo ilé ìjòyè, ó lọ bá Òkéte níbi tó ti ń jowú.

Ní ìlú àwọn ẹranko, kò sí ìyá tó ń jókòó sílé. Ọ̀yà ń lọ sóko, Etu ń lọ sóko, Òkéte ń lọ ṣa ẹyìn nídìí ọ̀pẹ. Ọmọ wọn ńkọ́? Ọ̀bọ ní òun lè bá wọn tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n odindi agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ lòun yóò máa gbà lórí ọmọ kan. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ rí, ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ ni ì bá parí sí. Ni Ìgbín bá ní kí wọ́n gbé àwọn ọmọ wá. Àgbàlagbà ni, kò lè rìn jìnnà, ilé rẹ̀ sì tutù. Ewé ìbẹ́pẹ kan péré ló ń gbà. Ẹni tí kò bá rí ewé lọ́jọ́ náà, kó ṣáà gbé ọmọ sílẹ̀ kó máa lọ.

Ara tu àwọn ìyá pẹ̀sẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, ọkàn wọn balẹ̀. Àwọn ọmọ náà wá ń pe ìyá tó bí wọn ní Ìyá Oko, torí oko ló ń lọ. Ìgbín tó wà nílé, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ilé. Ó yá, ẹ sọ ọ́ kíákíá kí n gbọ́.

Ìyá ilé, ìyáalé, ìyálé!

Ẹ rí i? Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Òkéte ti oko dé, ó na ọwọ́ sí Àsàbí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Àsàbí kọ ẹ̀yìn sí i, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ gbé mi padà lọ bá ìyálé."

"Ìyálé ta?"

"Ìyálé wa. Ìyálé tí bàbá máa ń gbé mi lọ bá."

Òkéte pàtẹ́wọ́, pàà. Ó ní, háà, àṣé ọkọ òun ti ní ìyàwó kí òun tó wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun. Ẹ ṣáà mọ òjòwú, kò bèèrè tààrà. Ọkọ rẹ̀ dé, ó gbé oúnjẹ fún un, ó jókòó ti ọkùnrin náà, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Baba Àsàbí, ṣé ẹ kí ìyálé mi lónìí?"

Ọkọ gbé òkèlè mì. "Mo kí wọn láàárọ̀. Wọ́n ní kí n kí ọ. Wọ́n mà fẹ́ràn ọmọ yẹn o." Ó tún bu òkèlè mìíràn.

Àbí ẹ ò rí ayé? Òkéte ò sùn mọ́jú. Orin ló ń kọ lábẹ́ aṣọ. Ẹ gbè é fún mi, ẹ máa wí pé, "Owú, jẹ́ n sùn."

Mo rò pé èmi nìkan ni,
*Owú, jẹ́ n sùn.*
Mo dáná, mo se ọbẹ̀,
*Owú, jẹ́ n sùn.*
Ìyálé gbọ́kọ, ó gbọ́mọ,
*Owú, jẹ́ n sùn.*
Àsàbí ò mọ̀ mí mọ́,
*Owú, jẹ́ n sùn.*

Ọ̀dọ̀ Ìgbín ṣáà ni ọkọ rẹ̀ ń gbé ọmọ lọ, nítorí náà láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí Ìgbín ṣe tí kò dun Òkéte. Bí wọ́n bá wẹ Àsàbí mọ́, ó ní, "Ó ń fi hàn mí pé mi ò mọ ọmọ wẹ̀." Bí ọmọ bá yó, ó ní oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ òun. Bí Ìgbín bá kí i pé, "Ìyá Àsàbí, o kú iṣẹ́," á dáhùn pé, "Hùn." Inú rẹ̀ ń gbóná bí omi ẹ̀kọ.

Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ kan, ó bu iyọ̀, ó wọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà Ìgbín, fìn-ín, fìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ìgbín. Ìyá arúgbó náà jáde kó wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ, ó tẹ̀ ẹ́, ṣàà! Ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ó ń hó yéè. Kò tilẹ̀ lè pariwo. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó ń wọ́, ó ń wọ́, títí ó fi dé àbàtà lẹ́yìn ìlú.

Àwọn ìyá gbé ọmọ dé, wọn ò bá ẹnì kankan. Etu pọn tirẹ̀ lọ sóko, kò lè ro ebè kan tán. Ọ̀yà jókòó sílé, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ kọjá, kò rí nǹkan gbìn. Inú Òkéte ń dùn ní tirẹ̀. "Kó máa lọ. Ọkọ mi àti ọmọ mi ti di tèmi nìkan."

Ṣùgbọ́n ìkòkò gbẹ. Ó di dandan kó lọ ṣa ẹyìn. Ó gbé Àsàbí sínú ihò, ó fi ewé dí ẹnu ihò náà. "Má jáde o, mò ń bọ̀." Ìgbà tó dé, ewé ti ṣí, ihò ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni pàkúté ọdẹ kún inú igbó yẹn.

Òkéte káwọ́ lérí. Ọkọ rẹ̀ sáré dé. "Níbo lo fi ọmọ sí?"

"Ẹ lọ bi ìyálé mi. Ṣebí ìyàwó yín ni."

"Ìyàwó wo?"

"Ìgbín. Ìyálé tí ẹ ń kí láràárọ̀."

Ọkọ ní, "Ìyá ilé lọmọ ń wí. Ìyá tó wà nílé. Ìwọ ló ń pè ní Ìyá Oko."

Òkéte jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á, ó dìde, ó forí lé inú igbó. Ẹ gbè é, "Dáhùn, ọmọ mi."

Àsàbí, níbo lo wà?
*Dáhùn, ọmọ mi.*
Mo wá ọ dé ìdí ọ̀pẹ,
*Dáhùn, ọmọ mi.*
Mo yẹ pàkúté ọdẹ wò,
*Dáhùn, ọmọ mi.*
Ìyá Oko ló ń pè ọ́,
*Dáhùn, ọmọ mi.*

Ọmọ ò dáhùn. Àfi bó ṣe rí ipa Ìgbín lórí koríko, tó ń dán, tí ojú ẹsẹ̀ kékeré kan sì tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bá a lọ títí dé àbàtà. Àsàbí nìyẹn lábẹ́ ewé kókò, ó gbé orí lé ìkarahun Ìgbín, ó ń sùn.

Ìgbín ní, "Rọra gbé e. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Ebi ń pa á nígbà tó dé, mo ti wá nǹkan fún un jẹ."

Òkéte wo ẹsẹ̀ Ìgbín tó bó yánnayànna. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá, èmi ni mo da iyọ̀."

"Mo mọ̀. Mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ nínú iyọ̀ náà."

"Ẹ mọ̀, ẹ tún fún ọmọ mi lóúnjẹ?"

"Ọmọ kọ́ ló da iyọ̀."

Òkéte sunkún. Ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó padà sílé. Ìgbín kọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò tún ní tẹ ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́ láyé. Ìdí rèé tí ìgbín fi ń gbé ibi tútù inú igbó títí dòní. Ìlú bá pé jọ, wọ́n ní bí Ìgbín ò bá wá, àwọn á máa gbé ọmọ lọ bá a. Ọ̀nà jìn. Àwọn bàbá ń gbà á pọ̀n, Ọ̀yà ń pọn omi lọ, ilé kọ̀ọ̀kan ń mú ewé wá, kí iṣẹ́ náà má baà pa arúgbó nìkan. Òkéte ló ń jí ṣíwájú, ó ń ro ọ̀nà.

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ sí i, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi. Ohun tó kọ́ wa ni pé ẹni tó ń bá wa tọ́jú ọmọ kì í ṣe orogún wa, ká má jowú rẹ̀. Bí ìlú bá sì fẹ́ kí ìyá àti bàbá ṣiṣẹ́, kí gbogbo ìlú bá wọn gbé ọmọ, kí owó ìtọ́jú má sì ga ju apá wọn lọ.

Ó yá, ẹ dìde. Kí ẹ tó lọ sùn, ẹ yà kí ìyá tó ń bá ìyá yín mú àbúrò yín. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa.