Ọ̀dà Tuntun Lára Ọkọ̀ Ògúnsínà

Ògúnsínà fẹ́ lọ gbé ìyá rẹ̀ wá láti abúlé, ó sì fẹ́ kun ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ lọ́dà kí àwọn ará ilé lè rí i pé nǹkan ń dùn. Ṣàbíù mẹkáníìkì mi táyà iwájú. Ó ń mì bí eyín arúgbó.

"Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù jọ́ìn tó di táyà yìí mú ti jẹ. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ ná. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá."

"Tí mo bá dé, a ó pààrọ̀ ẹ̀. Ọ̀dà ni kí o kọ́kọ́ bá mi kùn."

Bí òun àti ìyá ti ń bọ̀, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ sódò, táyà náà yẹ̀ síta, ọkọ̀ já sí kòtò.

Ìyá kò fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ mọ́. Láràárọ̀, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọmọ rẹ̀, yóò máa wo ọkọ̀ náà tí wọ́n wọ́ wá síwájú ilé.

"Ọ̀dà yìí mà dára o, ọmọ mi."