Ẹ̀wà Tó Wà Lókè Ààrò

Láwoyin, àgbẹ̀ abúlé Ìgbó-Ọ̀rẹ́, jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú oko rẹ̀. Lọ́dún tí ẹ̀wà rẹ̀ so wọ̀ǹtìwọnti, ó sọ fún Ọ̀páléye, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, pé, "Àna mi, ìgbàkígbà tí ẹ bá yà sílé mi, ẹ ó bá ẹ̀wà lórí iná." Kò mọ̀ pé Ọ̀páléye kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Ọ̀dá dá lọ́dún kejì. Nígbà tí àsìkò ìgbìn fi máa tó, ẹ̀wà tó kù nínú ilé kò kún ahá kan. Móromọ́kẹ́, ìyàwó Láwoyin, dì í sínú àkísà, ó sì so ó mọ́ àjà lókè ààrò kí èéfín má baà jẹ́ kí kòkòrò débẹ̀. Irúgbìn ni. Bí wọ́n bá sè é, kò sí ohun tí wọn yóò gbìn. Gbìngbindò ni tọkọtaya náà wá ń jẹ, èso igi igbó tó korò, tí à ń bọ̀, tí à ń da omi rẹ̀ nù léraléra kó tó ṣeé gbé mì.

Òjò rọ̀ níkẹyìn. Wọ́n ní ọ̀la làwọn yóò gbin ẹ̀wà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀páléye wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

Inú Láwoyin dùn láti rí i, ṣùgbọ́n òógùn bò ó. Ó tẹ́ ẹní, ó tún un tẹ́, ó gbé omi wá kí àlejò tó jókòó. Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe mọ́, ó béèrè ohun tí onílé gidi máa ń béèrè:

"Àna mi, kí la ó fi ṣe yín lálejò?"

"Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú," ni Ọ̀páléye wí. "Ẹ ṣáà ṣe mí lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. O kúkú ní kì í kúrò lórí iná."

Láwoyin sáré wọ ilé ìdáná, ó nawọ́ sí àkísà náà. Móromọ́kẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé kí àna mi lọ máa sọ nílé pé ebi ni mo fi ń pa ọmọ àwọn?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Baálé mi, bí ẹ bá sè é lónìí, tó bá dọdún tó ń bọ̀, òótọ́ ni yóò máa sọ."

Ló bá bu gbìngbindò sínú àwo, ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀páléye bù ú jẹ, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Móromọ́kẹ́, irú ẹ̀wà wo lèyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí onílé ń jẹ nìyẹn. Ẹ̀wà wà lókè ààrò, ṣùgbọ́n oko ló ni ín."

Ìtìjú mú Láwoyin, kò lè gbójú sókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni àlejò bú sí.

"Láwoyin, gbìngbindò yìí náà ni mò ń jẹ nílé. Ẹ̀wà tí o fi yangàn ló gbé mi rìn dé ibí. Ti àbúrò mi yìí tiẹ̀ tún korò ju tèmi lọ."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀páléye gba ọkọ́, ó bá wọn gbin ẹ̀wà náà. Ìkòkò àkọ́kọ́ tí wọ́n sè nígbà ìkórè, ilé Ọ̀páléye ni Láwoyin fúnra rẹ̀ gbé e lọ, ó sì ń ro ìtàn náà fún gbogbo ẹni tó pàdé lọ́nà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí àlejò bá ń béèrè ohun tí apá onílé kò ká, àwọn àgbà a rẹ́rìn-ín, wọn a ní: "Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà."