Ohun Tí Àkókó Ń Wá Nínú Igi

Nígbà láéláé, ẹ̀yin ọmọ, Àkókó kì í lu igi. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ẹyẹ ni, iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ló ń ṣe.

Ẹgbẹ́ náà ti pẹ́ kọjá ìrántí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara igi àràbà kan, á sì búra pé: "N kò ní jẹ ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ mi láé."

Adìẹ nìkan ni wọn kò kà mọ́ wọn. Wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n fò. Nítorí náà ni Àwòdì, alága ẹgbẹ́, ṣe ń gbé ọmọ Adìẹ jẹ bó ṣe wù ú.

Lọ́jọ́ kan, Àwòdì ní, "Àkókó, kọ ìtàn ẹgbẹ́ wa. Bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá bàbá mi tó dá a sílẹ̀."

Àkókó kì í gba àhesọ. Ó lọ ń ṣí èèpo àràbà wò ní ìpele-ìpele, ti àtijọ́ ló wà nísàlẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ Lékèélékèé. Ó rí ẹsẹ̀ bàbá bàbá Àwòdì. Ó tún rí òmíràn lábẹ́ ìyẹn.

Yéè! Ẹsẹ̀ ìyá ìyá Adìẹ ni!

Ó nu ojú, ó tún un wò. Ẹsẹ̀ adìẹ gbàgàdà! A jẹ́ pé gbogbo ọmọ tí Àwòdì ti gbé mì, ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n!

Ṣé ẹ mọ ẹni tó sáré lọ sọ fún? Àwòdì! Ta ní í gbé ẹja fún ológbò ṣọ́?

"Háà!" ni Àwòdì wí. "Lọ pe Adìẹ wá, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i."

Kí wọ́n tó dé, àràbà ti wà níhòòhò. Àwòdì ti ya èèpo náà, ó ti lọ fi í pamọ́ sínú ihò igi kan nínú igbó. Lékèélékèé rí i lókèèrè, ó sì sọ fún wọn, ṣùgbọ́n kò mọ igi tó jẹ́.

"Àkókó, ẹsẹ̀ ìyá ìyá mi dà?" Àwọn ọmọ mẹ́ta tó kù sí Adìẹ lọ́wọ́ ti sá sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀.

"Mo gbé o! Èmi ni mo lọ sọ fún un!" ni Àkókó ké. "Màmá, ẹ má sunkún. Igi yòówù tó gbé e mì, n óò kàn án títí yóò fi pọ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ náà ni Àkókó ti ń fẹnu kan igi, kó, kó, kó, tó ń tẹ́tí sí èyí tí inú rẹ̀ ṣófo. Bí Adìẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, á ṣàdéédé dúró, á dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi ojú kan wòkè. Ẹ má rò pé Àwòdì nìkan ló ń ṣọ́. Ó tún ń retí kí Àkókó gbé èèpo náà dé.