Dòdò Tí Adájọ́ Òkè-Àyàn Jẹ

"Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọdé pàápàá a máa fi ṣeré nítorí bí ó ṣe dùn ún pè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹnu tó ti kọ́kọ́ jáde, àti ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́?

Ní ìlú Òkè-Àyàn láyé àtijọ́, Ọlátẹ́jú ni adájọ́. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé, bí tọkọtaya bá fẹ́ kọ ara wọn, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Oyè náà níyì, ṣùgbọ́n èèwọ̀ rẹ̀ le. Adájọ́ kò gbọdọ̀ jẹun nílé ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ bá wọn jókòó sídìí ẹmu, kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn, ìbáà ṣe orógbó kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tàpá sí i, àga ìdájọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wà láyé, èèwọ̀ yìí kò ni ín lára. Àwọn méjèèjì ń jẹun pọ̀, wọ́n sì ń tàkúrọ̀sọ títí oorun yóò fi dé. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sílé ọkọ ní ọ̀nà jíjìn. Ilé wá dákẹ́. Lọ́sàn-án, Ọlátẹ́jú a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ènìyàn a dọ̀bálẹ̀, wọn a kúnlẹ̀, wọn a kí i kú ìjókòó, wọn a sì kọjá lọ. Kò sẹ́ni tó ń yà. Bí wọ́n bá ń ṣe àríyá ní agboolé kejì, ẹ̀rín wọn nìkan ló ń kàn án. Ìgbà mìíràn wà tí kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àfi bó bá ń lé ewúrẹ́ nídìí iṣu.

Ọ̀jẹ́làbí ló yà lọ́jọ́ kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti kékeré. Àwọn méjèèjì ló jọ ń dẹ òkété. Ó ní kí Ọlátẹ́jú wá jẹun nílé òun. Ọlátẹ́jú rán an létí èèwọ̀.

"Adájọ́ kọ́ ni mo pè," ni Ọ̀jẹ́làbí dá a lóhùn. "Ọlátẹ́jú ni mo pè."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe Ọlátẹ́jú lórúkọ. Ó dìde, ó tẹ̀ lé e. Dòdò ni ìyàwó Ọ̀jẹ́làbí dín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, tí etí rẹ̀ jóná díẹ̀ nínú epo pupa, gẹ́lẹ́ bí Àwẹ̀ró ṣe máa ń ṣe é. Ọlátẹ́jú jẹ ẹ́. Omi lé róró sí i lójú, ó díbọ́n pé èéfín ló ń ta á. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbẹ̀. Ọ̀jẹ́làbí kò tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kàn ń jẹ dòdò, wọ́n ń rántí ìgbà èwe wọn ni.

Nígbà tó yá, opó kan tó ń jẹ́ Dúródọlá pe Ọ̀jẹ́làbí lẹ́jọ́. Ó ní ọkùnrin náà sún ààlà wọ inú oko obì tí ọkọ òun fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ọlátẹ́jú lọ wo oko náà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ewé pèrègún tí wọ́n fi pààlà ti ń rọ, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sì rọ̀ bí ebè tuntun. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó rí ihò tí wọ́n ti fà á tu, tí wọ́n da koríko bò. Ó padà sílé, kò lè jẹun.

Ọjọ́ ìdájọ́ pé. Ọ̀jẹ́làbí jókòó bí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ti parí. Ó jẹ́ àṣà ìlú náà pé kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀, yóò dìde, yóò ní, "Òdodo ni ẹnu mi yóò sọ." Ọlátẹ́jú dìde, ó la ẹnu.

"Dòdò ni ẹnu mi..."

Àwùjọ bú sẹ́rìn-ín. Ó tún gbìyànjú, dòdò náà ló tún jáde. Dúródọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó sì rọra béèrè pé, "Bàbá, ilé ta ni ẹ ti jẹ ẹ́?"

Ọlátẹ́jú ì bá ní ọjọ́ orí ló ń da ahọ́n òun rú, wọn ì bá sì gbà á gbọ́. Ó wo Ọ̀jẹ́làbí, ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè é lórúkọ. Ó wá yíjú sí Dúródọlá.

"Ilé Ọ̀jẹ́làbí ni. Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò dá ẹjọ́ yìí. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo."

Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n lọ wo oko, wọ́n sì dá pèrègún padà sí àyè rẹ̀. Oko obì padà di ti àwọn ọmọ Dúródọlá. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ Ọlátẹ́jú, kò jiyàn.

Ó rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí èèwọ̀ ti kúrò lọ́rùn òun, òun lè bá ènìyàn jẹun wàyí. Ó lọ sílé Ọ̀jẹ́làbí láti tọrọ àforíjì. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọkọ òun ti lọ sóko. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, Ọlátẹ́jú gbọ́ ikọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń kí i kú ìjókòó, wọ́n ṣì ń kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe náà fún adájọ́, tàbí ẹni tí a pè wá jẹ́rìí, tí wọ́n bá rí i tó ń gba oore lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. "Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo." Ìgbà tí àwo bá ṣì wà níwájú rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan oúnjẹ, ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún un.