Kíndìnrín àti Àlejò Tí Kò Tètè Jáde

Ilẹ̀kùn iwájú fẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn há, àárín ilé ni ìyà ń jẹ. Awo tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ọ̀rọ̀ wò fún Kíndìnrín, nígbà tó ń fi àárẹ̀ jí, tó ń fi àárẹ̀ sùn.

Iṣẹ́ Kíndìnrín ni kó máa tún ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ohun tó dára, a dá a padà fún Ara. Ìdọ̀tí, a tì í sínú ìtọ̀. Ó ní ìránṣẹ́ méjì. Gbéwọlé ń fa ẹrù láti inú ẹ̀jẹ̀ wá sínú ilé. Gbéjáde ń rù ú gba ẹ̀yìnkùlé lọ sínú ìtọ̀. Gbéwọlé yára bí iná ọyẹ́. Gbéjáde ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀.

Àrùn gbógun ti Ara. Ara ránṣẹ́ pe Oògùn, àwọn ọmọ ogun Oògùn sì lé Àrùn sẹ́yìn. Bí wọ́n ti ń padà lọ, ọ̀nà wọn gba ẹnu ọ̀nà Kíndìnrín. Lójú Gbéwọlé, wọ́n jọ ẹrù tó ń gbé lójoojúmọ́.

“Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ má dúró níta!”

Ó ń fà wọ́n wọlé wọ̀ọ̀. Gbéjáde kò lè kó wọn jáde tó bẹ́ẹ̀. Ilé kún. Àwọn ohun ìjà wọn tó gbóná bí iná sì ń họ ògiri.

Awo ní kí Kíndìnrín fi omi púpọ̀ rúbọ, kó sì fi Aláròyé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà iwájú.

Kíndìnrín bú sẹ́rìn-ín. “Aláròyé kẹ̀? Ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á?”

“Kó máa dí Gbéwọlé lọ́wọ́ ni.”

“Kí n dá àlejò dúró síta? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa.”

Kò rúbọ. Ògiri ń jóná. Ọwọ́ Kíndìnrín rọ. Iyọ̀ àti adùn tó yẹ kó dá padà ń yọ́ bọ́ sínú ìtọ̀. Èèrà ń tò síbi tí Ara bá tọ̀ sí.

“Kíndìnrín, ṣé o fẹ́ pa mí ni?” Ara bi í.

“Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni kò di nǹkan mú mọ́. Ó ti rẹ̀ mí.”

Ó wọ́ ara rẹ̀ lọ rúbọ. Wọ́n da omi sọ́nà. Aláròyé jókòó.

“Gbéwọlé, ọmọ ìyá mi! Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ewúrẹ́ yín tó sọnù ńkọ́?”

Ta ni í kí ni tí a kò ní í dáhùn? Kí Gbéwọlé tó dáhùn ọ̀kan, òmíràn ti dé. Ìwọ̀nba ọmọ ogun ló ráyè fà wọlé. Gbéjáde kápá wọn. Àwọn yòókù bá omi lọ.

Ara yè. Kíndìnrín náà yè, ṣùgbọ́n yàrá tó ti jóná kò gba olùgbé mọ́. Ẹbọ tó pẹ́ gba ìyókù ilé là fún un. Ká ní ó tètè gbọ́ ni, odidi ilé ni ì bá gbà là.